Learie Constantine: Eléré Kríkẹ́ẹ̀tì Tó Fi Orúkọ Rẹ̀ Ṣí Ilẹ̀kùn

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe òǹkọ̀wé Yorùbá, kì í ṣe onímọ̀ èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Kríkẹ́ẹ̀tì ni eré tirẹ̀, eré tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju pé aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni Learie Nicholas Constantine, ọmọ erékùṣù Trinidad, tó kú ní 1971, kí àwọn òbí ẹlòmíràn nínú wa tó dáyé.

Bí mo ṣe bá a pàdé nìyí. Mo ti pé ọdún 31 kí n tó wọ yunifásítì. Aṣọ ni mo ń rán fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó tún ìdánwò àṣewọlé ṣe. Ní ọdún kìíní, Bàbá ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pè é, èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti lọ to ìlà láti forúkọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ kan bi mí bóyá ọmọ mi ni mo wá bá gba fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ padà sí ìdí máṣíìnì mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ń ka ẹjọ́ kan sórí nítorí ìdánwò. Ẹjọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ láti gbà sílé ní 1943. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ta ni ọkùnrin náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, nítorí pé orúkọ náà ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà. Èmi ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Nígbà tí mo kà á pé olùpẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ ìmọ̀ òfin lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, n kò lè sùn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún yín.

Ọmọ alámòójútó oko kòkó

Wọ́n bí Constantine ní 21 Oṣù Kẹsàn-án 1901 ní Petit Valley, abúlé kan nítòsí Diego Martin, ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Trinidad. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù náà wà nígbà yẹn. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó dé ibẹ̀, títí di òní ni àwọn kan sì ń bọ Ògún àti Ṣàngó ní Trinidad.

Alámòójútó àwọn òṣìṣẹ́ ni Lebrun, bàbá rẹ̀, nínú oko kòkó kan. Ipò yẹn kò kéré fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ló sọ Lebrun di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kríkẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ní 1900, ikọ̀ West Indies, èyí tí wọ́n ṣà láti àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè yẹn, fẹ́ rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú Lebrun, ṣùgbọ́n kò lówó tó lè fi rin ìrìn náà. Ìtàn tí àwọn ẹbí ń sọ ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun máa gbéra gan-an ni àwọn èèyàn rí i tó ń rìn kiri ní ìgboro. Wọ́n dá owó jọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lé ọkọ̀ ńlá náà bá lórí omi, wọ́n sì gbé e sínú rẹ̀. Lebrun yìí ló di ọmọ West Indies àkọ́kọ́ tó gbá ọgọ́rùn-ún ayò nínú ìdíje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Learie. Victor Pascall, àbúrò ìyá rẹ̀, gbá kríkẹ́ẹ̀tì fún Trinidad. Elias, àbúrò rẹ̀, náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Àgbàlá ilé ni gbogbo wọn ti ń ṣe ìdánrawò. Síbẹ̀, bàbá kò fẹ́ kí eré di iṣẹ́ fún ọmọ, torí ó mọ̀ pé eré kò bọ́ òun. Ó fẹ́ kí ó kọ́kọ́ níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Nígbà tí Learie kúrò ní ilé-ìwé ní 1917, ó di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Port of Spain. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ tó ìwé òfin. Ibẹ̀ náà ló ti mọ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ kò lówó lè máa kọ ìwé fún agbẹjọ́rò títí ayé láìdi agbẹjọ́rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A máa padà sí i.

Ọwọ́ tó ń ju, ọwọ́ tó ń gbá, ọwọ́ tó ń hán

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle kan, ẹlòmíràn á fi igi pẹlẹbẹ gbá a kí ó má baà wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ àyè, sísáré kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi, tàbí tí alátakò bá hán bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó balẹ̀, ó di dandan kí ẹni náà jáde. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹn jíju bọ́ọ̀lù, gbígbá a àti híhán an. Ẹni tó mọ ọ̀kan nínú rẹ̀ dáadáa ti di ẹni à ń pọ́n lé. Constantine mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wo eré rẹ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í hán tó o láyé ìgbà náà.

Ó kọ́kọ́ gbá fún Trinidad ní 1921. Ní 1923, òun náà bá West Indies lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà dé, ipò tó fi sílẹ̀ náà ló bá. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ó di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ní 1927, ó fẹ́ Norma Cox, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Gloria, ní 1928. Ọdún 1928 yìí ni ikọ̀ West Indies tún ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbá ìdíje Test, ìdíje tó ga jù láàárín orílẹ̀-èdè. Constantine ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gbá eré tí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní lè gbójú kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Lord's, ni àwọn olólùfẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì ṣì ń sọ. Ikọ̀ Middlesex ni wọ́n ń bá gbá. Ẹsẹ̀ Constantine ń dùn ún, a tiẹ̀ lè sọ pé kò yẹ kó gbá. West Indies ti ń rì nígbà tó wọlé, ó sì gbá ayò 86 láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ó ju bọ́ọ̀lù tó lé ènìyàn méje nínú ikọ̀ Middlesex jáde. Nígbà tí West Indies tún padà wá gbá, tí wọ́n tún fẹ́ rì, ó gbá 103 ní wákàtí kan péré. Wọ́n borí. Ìdíje Test mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá lọ́dún yẹn ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì pàdánù wọn burúkú, àmọ́ àwọn tó ń wá eléré ti gbọ́ orúkọ Constantine. Nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo yẹn, ó gbá ju ẹgbẹ̀rún ayò lọ, ó sì lé ènìyàn 107 jáde.

Ní 1930, ní Georgetown, ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Guyana lónìí, West Indies borí nínú ìdíje Test fún ìgbà àkọ́kọ́. Clifford Roach ló gbá ayò jù. Constantine ló lé ènìyàn mẹ́sàn-án jáde.

Nelson, ìlú àwọn ahunṣọ

Iṣẹ́ tí ó ń wá dé. Nelson ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìlú kékeré kan ní Lancashire, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń hun aṣọ òwú. Ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì ìlú náà fún un ní pọ́n-ùn 500 fún sáà kọ̀ọ̀kan láti 1929, yàtọ̀ sí owó tó ń rí gbà tó bá gbá dáadáa. Kò sí bí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ epo ṣe lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ ní Trinidad.

Kò rọrùn fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ ní Nelson rárá. Àwọn ọmọdé ń yọjú lójú fèrèsé láti wò wọ́n, àwọn kan sì kọ lẹ́tà èébú sí wọn. Constantine àti Norma ronú láti padà sílé lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́. Àmọ́ wọ́n dúró. Norma bá àwọn aládùúgbò ṣọ̀rẹ́, ọkọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, èrò sì ń ya wọ pápá. Sáà mẹ́sàn-án ló gbá fún Nelson, láti 1929 sí 1937. Ìgbà méje ni wọ́n gba ife líìgì, wọn kò sì fi ìgbà kan wà nísàlẹ̀ ipò kejì. Ìlú tó ń kọ lẹ́tà èébú sí i wá di ìlú rẹ̀. Lónìí, àmì ìrántí wà lára ilé rẹ̀ ní Meredith Street.

Ní 1932, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Trinidad, C.L.R. James, wá gbé lọ́dọ̀ wọn ní Nelson. James yìí ló padà di òpìtàn àti òǹkọ̀wé ńlá. Ó bá Constantine ṣe ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Cricket and I, tó jáde ní 1933. Constantine náà fi owó ràn án lọ́wọ́ láti tẹ ìwé kan tó bèèrè fún òmìnira àwọn erékùṣù wọn. Nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ kríkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú di ọ̀kan. Ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ balógun ikọ̀ West Indies. Bí aláwọ̀ dúdú ṣe lè mọ eré náà tó, òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe balógun. Ní 1935, ní Jàmáíkà, balógun fara pa, Constantine tó jẹ́ igbákejì ló darí ikọ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n borí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi Constantine jẹ balógun. Ó kọ̀wé lòdì sí i fún ọdún púpọ̀. Ọdún 1960 ni aláwọ̀ dúdú kan, Frank Worrell, tó di balógun fún gbogbo ìdíje inú ìrìn àjò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Constantine gbá ìdíje Test tó kẹ́yìn ní Oṣù Kẹjọ 1939, ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ènìyàn márùn-ún jáde, ó sì gbá ayò 79 bíi pé wọ́n ń lé e bọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀. Lápapọ̀, ìdíje Test 18 ló gbá. Ó gbá ayò 635, ó lé ènìyàn 58 jáde. Àwọn iye yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn àgbà eléré mìíràn. Ẹni tó bá fi iye nìkan wò ó kò ní mọ ìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì tó ní kó máa lọ

Nígbà ogun, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Constantine ṣe òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́kùnrin West Indies tó wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà. Liverpool ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Òun ló ń bá wọn wá yàrá, òun ló ń bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá kọ̀ wọ́n nítorí àwọ̀ wọn. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń fojú rí lójoojúmọ́, ó mọ̀ ọ́n.

Ní ìparí Oṣù Keje 1943, ó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti gbá kríkẹ́ẹ̀tì ní Lord's. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn fún alẹ́ mẹ́rin ní Imperial Hotel ní Russell Square. Ó bèèrè ṣáájú bóyá àwọ̀ wọn máa dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n ní rárá. Ojú lè yẹ ojú, ohùn kì í yẹ ohùn, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ohùn yẹ ohùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n sọ fún un pé alẹ́ kan péré ni wọ́n lè sùn, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ bá aláwọ̀ dúdú gbé. Ọ̀gá rẹ̀ kan ní ibi iṣẹ́ wá síbẹ̀ láti bá wọn sọ ọ́, wọ́n kọ̀. Constantine kó ẹbí rẹ̀, wọ́n lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Constantine níṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Ó ti rí yàrá mìíràn sùn. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n. Tó bá gbé e jẹ́ẹ́, kò sí ohun tó máa pàdánù. Àmọ́ ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Liverpool ni wọ́n ṣe é fún, kò sí ìwé ìròyìn tó máa gbé e, kò sí agbẹjọ́rò tó máa yọjú sí i. Òun ní orúkọ. Ó gbé òtẹ́ẹ̀lì lọ sílé ẹjọ́.

Nǹkan kan wà tí ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé fún mi nípa ẹjọ́ náà. Kò sí òfin kankan nígbà yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Òfin àtijọ́ kan ni àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ dì mú, òfin tó ní onílé àlejò gbọ́dọ̀ gba arìnrìn-àjò sílé bí kò bá ní ìdí tó tọ́ láti kọ̀ ọ́. Ní Oṣù Kẹfà 1944, adájọ́ Norman Birkett dá Constantine láre. Ó yin ìwà ọmọlúàbí tí Constantine hù ní gbogbo àsìkò náà. Owó gbà-má-bínú tí ó ní kí wọ́n san jẹ́ gíní márùn-ún, ìyẹn pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún.

Ó kéré, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé kò pàdánù owó níbi ọ̀rọ̀ náà, òfin kò sì ní ọ̀nà mìíràn tó lè fi díwọ̀n ìtìjú. Ṣùgbọ́n kò lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó. Ohun tó fẹ́ ni kí ilé ẹjọ́ sọ ọ́ síta pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ìwé. Ó wà nínú ìwé náà títí di òní, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi ń kà sórí ní yàrá wa.

Ọdún kan lẹ́yìn ẹjọ́ náà, ní Oṣù Kẹjọ 1945, ikọ̀ tí wọ́n ṣà láti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá ní Lord's. Ara balógun wọn kò yá. Àwọn tó kù nínú ikọ̀ náà jẹ́ òyìnbó láti Australia, New Zealand àti South Africa. Wọ́n jókòó, wọ́n sì yan Constantine, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, láti ṣe balógun. Wọ́n fi ayò 45 borí. Ohun tí erékùṣù tirẹ̀ kò fún un, ó rí i gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò.

Ìwé òfin

Ní 1944, ọdún tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, Constantine forúkọ sílẹ̀ ní Middle Temple láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò tíì pé ẹni ọdún 43, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kúrò ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tó ti ṣe akọ̀wé ní Port of Spain.

Ọdún mẹ́wàá ló gbà á. Ìwé kíkà kò rọrùn fún ẹni tó ti pẹ́ tó ti kúrò ní ilé-ìwé. Kò sì ṣeé ṣe fún un láti pa ohun gbogbo tì nítorí ìwé, torí ẹbí ní láti jẹun. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kríkẹ́ẹ̀tì, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á tún ṣí ìwé òfin. Norma ló dúró tì í. Ní 1954, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó di agbẹjọ́rò. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀, Colour Bar, jáde, níbi tó ti ṣàlàyé fún àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe ń rí fún aláwọ̀ dúdú tó bá ń gbé láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn ìwé náà. Ẹni tí wọ́n rò pé ó ń fi ẹ̀rín gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ni kò rẹ́rìn-ín mọ́ yìí.

Ó padà sí Trinidad. Dókítà Eric Williams ń dá ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀, Constantine sì di alága rẹ̀. Ní 1956, wọ́n dìbò yàn án ní Tunapuna, ó sì di mínísítà fún ìbánisọ̀rọ̀, iṣẹ́ òde àti ohun amáyédẹrùn. Mi ò ní sọ pé òṣèlú ló bá a lára mu jù. Àwọn alátakò fi ọ̀rọ̀ gún un lára nílé aṣòfin, kò sì jẹ́ ẹni tó lè fi irú rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí ìdìbò 1961 dé, kò du ipò mọ́. Wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ṣojú Trinidad. Ní 1962, orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì fi í joyè Sir.

Bọ́ọ̀sì Bristol

Ẹ lè rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Ó ti joyè, ó ti dàgbà, ó ń gbé nínú ilé aṣojú orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ní 1963, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan ní ìlú Bristol kọ̀ láti gba àwọn aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà síṣẹ́ awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ West Indies tó wà nílùú náà ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì wọn mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Stephenson ni agbẹnusọ wọn.

Aṣojú orílẹ̀-èdè kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìlú tó gbà á lálejò. Constantine mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ sí Bristol, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó bá olórí ìlú sọ̀rọ̀. Kò ju bí ó ti ṣe ní Imperial Hotel lọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún kò ní orúkọ, òun ní. Ní 28 Oṣù Kẹjọ 1963, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti yí padà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1965, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ọ̀rọ̀ Bristol wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún un.

Constantine san owó tirẹ̀. Inú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò dùn sí bó ṣe dá sí i, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní 1964. Ẹni tó gba àwọn ẹlòmíràn síṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ní 1966, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń mú òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì St Andrews ní Scotland dìbò yàn án ní Rector wọn. Ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí BBC. Ní 1969, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ House of Lords, ilé àwọn ìjòyè nínú ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìlú méjì ló fi kún oyè rẹ̀, Maraval ní Trinidad, tó wà nítòsí oko kòkó tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, àti Nelson.

Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1 Oṣù Keje 1971. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, ìjọba Trinidad sìnkú rẹ̀ bí ẹni ńlá, wọ́n sì fi oyè tó ga jù nílẹ̀ náà nígbà yẹn, Trinity Cross, dá a lọ́lá. Arouca ni wọ́n sin ín sí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Norma náà tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo mú níbẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ọdún tó fi kàwé nìkan ni mo ń wò, torí ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo rò pé bí ẹni tó lé ní àádọ́ta ọdún bá lè di agbẹjọ́rò, kí ló dé tí ẹni ọdún 31 kò lè gba oyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá? Ìyẹn mú kí n dúró. Mo ti wà ní ọdún kẹta báyìí, wọ́n ṣì ń pè mí ní Bàbá, mo sì ń dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tún un kà, mo rí nǹkan mìíràn. Kríkẹ́ẹ̀tì fún Constantine ní owó àti orúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ á máa fi gba àyè iwájú fún ara wọn. Òun fi tirẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi kọjá. Ó tó ìgbà méjì tó ṣe é, ìgbà kejì sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ orúkọ tèmi ju ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì lọ. Àmọ́ ní sáà tó kọjá, mo tún lọ to ìlà níbi tí wọ́n ti bi mí lọ́jọ́sí bóyá ọmọ mi ni mo wá bá gba fọ́ọ̀mù. Ìyá kan wà níwájú mi, ó jù mí lọ dáadáa, àpò ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tó ń wojú òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo súnmọ́ ọn, mo kí i, mo sì sọ sókè, kí òṣìṣẹ́ náà lè gbọ́, pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyá yìí. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ló wà báyìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i.